Táyà wo ni kí n rà: ti ìgbà ooru àbí ti gbogbo ìgbà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Toyota GT86 ni mò ń wà, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbé e láti Iléṣà lọ síbi iṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti fá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà. Mo kàn fẹsẹ̀ kan bíréèkì ni, ìdí ọkọ̀ yọ̀ lọ sápá òsì. Àyà mi já gan-an.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé táyà ìgbà ooru máa ń di ọ̀dà mú dáadáa, nínú òjò pàápàá, bí ojú rẹ̀ kò bá tíì jẹ. Bí òtútù bá wálẹ̀ tó 7°C ni rọ́bà rẹ̀ ń le, ọyẹ́ tiwa kì í sì í sábà mú tó bẹ́ẹ̀. Kí ni mo wá fẹ́ fi táyà gbogbo ìgbà, tí wọ́n ṣe nítorí yìnyín náà, ṣe? Àmọ́ ti ìgbà ooru máa ń tètè jẹ, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Fọkanáísà mi gbé tókunbọ̀ ti gbogbo ìgbà wá, ìwọ̀n rẹ̀ ni 215/45R17. Mo tẹ̀ ba, mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 2316. Ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016 ni wọ́n ti ṣe é nìyẹn! Mo ní kó gbé e padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa irú ọkọ̀ yìí, èwo ló pẹ́ lẹ́sẹ̀ yín, tí kòtò kò sì tètè bẹ́ ẹ? Ṣé kí n pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, àbí ẹ̀yìn nìkan tó?