Èsì: “ìtúngbìn” àti “èdídí ìbẹ̀rẹ̀”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Fún ẹni tí kò bá wa débẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀gá wa kan tó wà ní Toronto ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ kan fún àwọn tó ń gbin igbó sílé. Igbó mímu ni o, kì í ṣe igbó ọdẹ. Òfin ìjọba àpapọ̀ Kánádà ti fàyè gba igi 4 nínú ilé kan láti ọdún 2018, nítorí náà kí ẹni tó ń pariwo NDLEA lórí ọ̀rọ̀ yìí sinmi díẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti há mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ ni ibi tí ìwé ti sọ bí a ṣe ń gbé èéhù, tòun ti èèpẹ̀ róbótó tí a fi hù ú, lọ sínú ìkòkò. Wọ́n pe iṣẹ́ náà ní “ìtúngbìn”, wọ́n pe èèpẹ̀ róbótó yẹn ní “èdídí ìbẹ̀rẹ̀”, wọ́n sì ní kí a sọ tẹnu wa.

N kò fara mọ́ ìtúngbìn. Bí mo bá gbin àgbàdo, tí ọ̀kẹ́rẹ́ wú u jẹ, tí mo padà lọ fi hóró mìíràn sínú ihò kan náà, mo tún un gbìn nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ ti ṣègbé. Ṣùgbọ́n ata tí mo hù sínú bàsíà fífọ́ lẹ́yìnkùlé, tó yọ ewé mẹ́rin, tí mo wá rọra wú tòun ti èèpẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ sórí ebè, ata àná náà ṣì ni. Ẹ bi àgbẹ̀ léèrè ohun tó ṣe, kò ní sọ pé òun tún ata gbìn. Á ní òun lọ́ ata. Ó lọ́ tòmátì, ó lọ́ ìkàn. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, kí la tún ń ṣẹ̀dá sí?

Àǹtí wa tó fèsì lánàá ní lọ́ kò lè ṣe é, torí inú Bíbélì ni àwọn ti mọ̀ ọ́n, nínú ìwé Róòmù orí 11, níbi tí wọ́n ti lọ́ ẹ̀ka igi òróró inú igbó sára igi òróró rere. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e: sára ni. Ohun tí a bá lọ́ sára nǹkan mìíràn, àwọn méjèèjì á di ara kan, oje kan náà ni wọn á sì jọ máa mu. Ohun tí a bá lọ́ sórí ebè tàbí sínú ìkòkò, gbòǹgbò ara rẹ̀ ló gbé dání. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni, ọ̀rọ̀ atọ́kùn ló ń là wọ́n níjà. Mi ò rí ibi tí ìkọlù wà.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni àmì ohùn. Ẹ kọ “mo ti lo ata naa” ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìfi àmì sí i: ẹnì kan á ní ata ti wọ ọbẹ̀, ẹnì kejì á ní ó ti dé orí ọlọ, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni yóò mọ̀ pé orí ebè ló wà. Ti ìwé ọ̀gá tún wá burú jùyẹn lọ. Ìwé ń bẹ àwọn tó ń kà á pé kí wọ́n lọ́ igbó náà ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọlẹ̀. Ẹ yọ àmì kúrò, ó di pé kí wọ́n lo igbó náà ní ìrọ̀lẹ́. Wọn á sì lò ó. Nítorí náà àmì di dandan nínú ìwé yẹn, kí wọ́n sì máa kọ “lọ́ èéhù” dípò “lọ́ igbó”. Orúkọ iṣẹ́ náà, lílọ́ èéhù. Ẹni tó dábàá “àlọ́”, ẹ jọ̀ọ́, Ìjàpá ti gba ìyẹn tipẹ́.

Èdídí ńkọ́? Ohun tí a fi ń dí ẹnu ìgò ni. Ta ni èéhù ń dí lẹ́nu? “Púlọ́ọ̀gì” tí wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì náà ti di ti mẹkáníìkì. Ẹ wo nǹkan náà fúnra rẹ̀: èèpo ara àgbọn tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ títí ó fi ki, tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ìṣù ni. A ní ìṣù ẹ̀kọ, ẹ jẹ́ kí a ní ìṣù èéhù. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní yóò jọ iṣu lójú. Ẹni tó bá rí iṣu nínú ìwé igbó, kó lọ gbé ọ̀bẹ wá.

“Ìsọdilíle” tí wọ́n kọ fún gbígbé èéhù síta díẹ̀díẹ̀ kó tó di pé a lọ́ ọ, ẹ yọ ọ́. Ẹ kọ “fi í mọ oòrùn”, ó ti tó.

Bí wọ́n bá gbé gbólóhùn náà fún mi, báyìí ni mo máa kọ ọ́: “Bí gbòǹgbò bá ti ń yọ nídìí ìṣù, ẹ fi omi rin ín. Ẹ gbẹ́ ihò tó gbà á sáàárín ìkòkò. Ewé ni kí ẹ dì mú, ẹ má di ọrùn rẹ̀ mú, torí bí ewé bá já, òmíràn á rú, ọrùn tó bá fọ́ ti parí nìyẹn. Ẹ lọ́ ọ tìṣùtìṣù, kí ẹ rọra fi èèpẹ̀ há a, kí ẹ sì tún bomi rin ín.” Tòmátì nìkan ni mo mọ̀ tí ẹ lè rì dé ọrùn láìbẹ̀rù, nítorí pé ara ọ̀pá rẹ̀ máa ń ta gbòǹgbò.

Ọ̀gá, “tìṣùtìṣù” yẹn ni kí ẹ bá mi yẹ̀ wò, bóyá yóò yé ọmọ tí wọ́n bí sí Kánádà. Perlite ní tirẹ̀, òkúta funfun fífúyẹ́ tí wọ́n ń pò mọ́ èèpẹ̀, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tó wà lára àpò rẹ̀ ni wọn yóò fi bèèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.