Ojú àná: èsì mi lórí ọ̀rọ̀ tí a ń wá fún transference

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka èsì yín sí ìbéèrè bùrọ̀dá wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún kíláàsì tọkọtaya ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ìjà inú ilé ni ìwé náà dá lé, ó sì dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo transference. Ìyẹn ni pé kí ènìyàn máa bínú sí ẹnì kan, kó máa bẹ̀rù rẹ̀, tàbí kó máa fẹ́ràn rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn tó ti kọjá láyé rẹ̀ ló ni ìbínú náà, tó ni ìbẹ̀rù náà, tí òun alára kò sì mọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta lẹ ti là sílẹ̀: àtagbà, ìgbésípò, tàbí kí á fi ti Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bó ṣe wà. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èdè Jámánì ni Sigmund Freud, dókítà tó dá ìtọ́jú ọkàn nípa ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀, fi kọ̀wé ní Vienna, Übertragung ló sì pe nǹkan yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ní láti lọ kọ́ ní yunifásítì. Gbígbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn ni. Wọ́n ń lò ó fún títúmọ̀ èdè, wọ́n sì ń lò ó fún bọ́ọ̀lù tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé sáfẹ́fẹ́. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ló wọ ẹ̀wù dókítà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibi tí Freud ti kọ Ich, tí í ṣe "èmi" lásán, wọ́n fi ego ti Látìn síbẹ̀. Nígbà tí James Strachey, ọ̀kan nínú àwọn atúmọ̀ náà, sì lọ fi Gíríìkì ṣẹ̀dá cathexis ní 1922 fún bí ọkàn ṣe ń so mọ́ nǹkan, inú Freud kò dùn sí i, torí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ tí kò pọn dandan. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí á fi transference sílẹ̀ torí pé ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kò fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbà mí láàyè kí n yà díẹ̀. Freud tún ní Es, tó dà bí "ó" tiwa tí kì í tọ́ka sí ènìyàn; id ni wọ́n sọ ìyẹn dà. Àwa tí à ń bi ara wa pé "Kí ló ń ṣe ọ́?", tí à ń dáhùn pé "Ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún", kí ni "ó" yẹn? Ó ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Ọjọ́ mìíràn la ó dá tirẹ̀.

Bàbá wa láti Ọ̀yọ́ ló dá àbá àtagbà, ó sì sún mọ́ ti Jámánì gan-an, torí àwọn oníròyìn wa náà ń ṣe àtagbà ètò. Ṣùgbọ́n nínú àtagbà, ẹni tó ń fúnni mọ̀ pé òun ń fúnni, ẹni tó ń gbà mọ̀ pé òun ń gbà. Àìmọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Ìgbésípò ní tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá gbọ́ ọ, lẹ́tà tíráńsífà ló máa wá sí i lọ́kàn.

Ẹ wo bí Freud fúnra rẹ̀ ṣe kan ọgbọ́n náà. Ní oṣù October 1900, bàbá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ tó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 18 wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìtọ́jú. Dora ni Freud pè é nínú ìwé. Ọ̀rẹ́ ìdílé wọn kan, ọkùnrin tó ti níyàwó, ti ń dẹnu kọ ọmọ náà. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù December, ọmọ náà ní òun kò wá mọ́, ó sì lọ. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1905, Freud jẹ́wọ́ pé òun kò tètè rí i: ìyà tí ọmọ náà fẹ́ fi jẹ ọkùnrin yẹn ló fi jẹ òun. Ó rántí pé ọmọ náà ti sọ pé bí òun bá jí lójú àlá kan, òórùn èéfín ni òun máa ń gbọ́. Bàbá rẹ̀ ń mu tábà, ọkùnrin yẹn ń mu ún, Freud náà ń mu ún. Ní tèmi, gbogbo ìbínú ọmọ yẹn kọ́ ló jẹ́ ti ẹlòmíràn. Freud fi dandan lé e pé ó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó ń dà á láàmú, ìyẹn nìkan tó láti mú kí ènìyàn dìde kó máa lọ. Kí ìwé bùrọ̀dá wa fi gbólóhùn kan síbẹ̀ nípa èyí, kí ọkọ tó ṣẹ̀ má baà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bàbá rẹ̀ ló ń bá jà.

Ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ tèmi nìyí. Ọdún kẹta ìgbéyàwó wa ni. Mo gbé àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì síwájú ọkọ mi, ọbẹ̀ náà ń hó. Ó ṣí abọ́, ó tẹjú mọ́ ọn, kò sọ̀rọ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, ẹran ló tán lọ́jà, ẹ jẹ́ kí n wá nǹkan mìíràn." Ó gbójú sókè. Ooru ọbẹ̀ ti bo gíláàsì ojú rẹ̀ funfun. Ńṣe ló ń dúró kó mọ́. Ó ní, "Ta ni ò ń bẹ̀?"

Bàbá mi ni wọ́n máa ń ṣí abọ́, tí wọn á dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti dákẹ́, abọ́ á fò lu ògiri. A sì ti sin wọ́n kí n tó mọ ọkọ mi.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Ojú àná ni mo fi wo ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá nìyẹn: ojú àná. Bí a bá fẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ gígùn fún èdè-ìperí (ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń lò lẹ́nu iṣẹ́ wọn), àfojú-àná-wò wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kò ní wá wa lẹ́nu: "ó ń fi ojú àná wò mí". Freud tún sọ ní 1910 pé ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ lè ru ti ara rẹ̀ wọlé tọ aláìsàn. Ìyẹn náà ti rọrùn, ojú àná olùdámọ̀ràn ni.

Àbúrò wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì sọ pé òwe ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó rí ekòló tó sá, ti sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ẹ̀rù. Kò sọ ti ẹni tó rí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fò lọ, torí pé ohùn ìyá àgbà tó tọ́ ọ ló gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá. Ojú àná gba ìfẹ́, ó gba ìbínú.

Àtakò tó le jù lọ, èmi ni mo bá a pàdé. Nínú òwe yẹn, ẹnì kan náà ni: àná ó wà láàyè, lónìí ó ti di òkú. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń lò ó fún ọmọdé tó ti dàgbà tí a kò kà sí. Nínú ohun tí à ń sọ, ẹni àná yàtọ̀ sí ẹni òní. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí omi ni ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó gun ilẹ̀, ó sì fò lójú ọ̀run, kò sí ẹni tó ṣi í gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí ojú ìwé kejì nínú ìwé bùrọ̀dá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ohun tí ènìyàn tì sísàlẹ̀ ọkàn tí kò mọ̀ mọ́ ní ìpamọ́ra. Èso Ẹ̀mí ni ìpamọ́ra nínú Bíbélì wa. Tọkọtaya wo ni ẹ fẹ́ sọ fún pé ìpamọ́ra ń ba ilé wọn jẹ́? Dídì-sínú náà kò ṣe é, ẹni tó di nǹkan sínú mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìtẹ̀rì ni mo rò, bí ẹni tẹ kèrègbè rì sómi tó lọ yọ lápá ibòmíràn. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo ka gbólóhùn yìí fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù, mi ò sì ṣàlàyé kankan: "Nígbà mìíràn, ojú àná la fi ń wo ẹni tí a jọ ń gbé." Wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Ojú tí mo fi ń wo ìyàwó ọmọ mi nìyẹn."

Èyí ló mú mi dé orí àmì ohùn. Bí wọ́n bá tẹ "oju ana" lásán, ojú àna ni ènìyàn máa kà, ìwé ìjà tọkọtaya á sì di ìwé ìjà pẹ̀lú ìyá ọkọ. Bùrọ̀dá wa ní igba ẹ̀dà péré ni wọ́n fẹ́ tẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé kò bá gba àmì, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó pín in, màá fi bírò fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.