Píkọ́ọ̀pù oníná: ibi tó máa sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Maryland

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ alárè, àti ẹ̀yin ará Rẹ́mọ náà. Mo fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù oníná, ojú mi sì wà lára mẹ́rin: F-150 Lightning ti Ford, Rivian R1T, Cybertruck ti Tesla àti Silverado EV. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, mo máa ń fa tírélà kékeré tí irinṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀. Bí mo bá fẹ̀yìn tì, mo fẹ́ gbé ọkọ̀ náà wálé, kí n máa fi lọ sóko, kí n sì máa gbé e yọ sí Ojúde Ọba. Àwọn ọmọ mi ní èyí tó bá ń rìn jìnnà jù ni kí n rà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Oníná Ṣàgámù, Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra sílẹ̀. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe níbí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ oníná ló sì ń pè mí jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ jíjìnnà sílẹ̀ ná. Ibi tí ọkọ̀ náà máa sùn lálẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àwọn ọmọ yín ò kúkú parọ́. Lightning tó ní bátìrì kékeré, yúnítì 98, máìlì 240 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ fún un. Èyí tó ní bátìrì ńlá, yúnítì 131, gba 320. Cybertruck alágbára táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yúnítì 123, gba 325. Rivian tó ní bátìrì Max dé 420. Silverado EV tí wọ́n ṣe fún àwọn oníṣẹ́ ló wà níwájú gbogbo wọn: 450 ní 2024, wọ́n sì tún gbé e dé 492 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Yúnítì tí mò ń wí yìí náà ni yúnítì tí ẹ ń rà sórí mítà nílé.

Kí ló mú Silverado jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Bátìrì rẹ̀ lé ní yúnítì 200 ni. Ẹ wá ti irú bátìrì bẹ́ẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì 120 fóòltì tó wà lára ògiri gáréèjì, tí agbára rẹ̀ kò tó kílówáàtì kan àti ààbọ̀. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago méje àárọ̀, iná tó máa wọlé kò lè gbé píkọ́ọ̀pù ju nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì lọ. Kí Lightning ńlá tó kún láti òfo, ọjọ́ mẹ́rin ti lọ nìyẹn. Táǹkì ńlá ló wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń kán tó, tó, tó. Bó ti wù kí táǹkì tóbi tó, omi òru ọjọ́ kan kò lè ju omi òru ọjọ́ kan lọ.

Iná 240 fóòltì lẹ nílò. Ṣájà 48 amp ń tú kílówáàtì 11.5 jáde, òru kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o láti kún Lightning ńlá. Bírékà 60 amp ni òfin ní kí a fi sí i, torí iná tó bá máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsinmi, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára bírékà la lè lò. Àwọn ilé àtijọ́ tí bọ́ọ̀dù iná wọn kò ju 100 amp lọ ló máa ń há síbẹ̀, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, sítóòfù àti ẹ̀rọ tí ń gbẹ aṣọ ti pín agbára náà tán kí ọkọ̀ tó dé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un fún yín. Wọ́n pè mí sílé ọmọ ilé wa kan tó ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ agbẹṣọ fún ọkọ̀ rẹ̀. Mo fọwọ́ kan pulọ́ọ̀gì náà, kò ṣeé dì mú. Nígbà tí mo tú ìdérí rẹ̀, ike ti yọ́ mọ́ ẹsẹ̀ irin kan, ẹ̀gbẹ́ kejì ti dúdú, òórùn rẹ̀ sì ti gba gáréèjì kan. Ọkọ̀ ò ṣẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n rà, ẹni tó sì fi í kò fún skúrúù ibi tí wáyà wọ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ agbẹṣọ kì í lò ju wákàtí kan lọ; ọkọ̀ máa ń fa iná mọ́jú.

Ó ku tírélà yín. Agbára wà: Lightning lè fa 10,000 pọ́n-ùn, Rivian àti Cybertruck lè fa 11,000. Àmọ́ bí tírélà bá ga, tó ṣe bọ́kìsì, afẹ́fẹ́ tó ń gbá níwájú lè gé máìlì yín sí ìdajì, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Wọn kì í sì í ṣáájì dé òkè pátápátá lójú ọ̀nà, torí tó bá ti kọjá 80 nínú 100, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò: 320 máìlì, ẹ lo láti 80 wá sí 15, ẹ wá dá a sí méjì nítorí tírélà. Nǹkan bíi 100 máìlì ló kù láàárín ìdúró kan sí èkejì. Láti 15 padà sí 80, ìṣẹ́jú bíi ogójì ni Lightning ńlá máa lò. Silverado yára jù ú lọ, ó lè gba 350 kílówáàtì bí ṣájà ibẹ̀ bá lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìperu, Minnesota

Oníná, o ò sọ ti òtútù! Ẹ̀yin ará Houston ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n, tí yìnyín bá dé, ẹ má retí máìlì tó wà nínú ìwé. Ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta lè lọ, pàápàá tó bá jẹ́ ìrìn kúkúrú kúkúrú, nítorí gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún wọlé lọkọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú ara rẹ̀ gbóná. Bátìrì tó tutù kì í sì í gba iná kíákíá. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé ṣájà ṣì wà lára ọkọ̀ nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó gbóná, kó jẹ́ iná ilé ló lò, kì í ṣe iná bátìrì. Bí mo bá ń lọ síbi ṣájà ńlá, mo máa ń fi ibẹ̀ sínú máàpù ọkọ̀ kí n tó gbéra, kí bátìrì ti móoru kí n tó débẹ̀. Maryland kò tutù tó tibí, àmọ́ oṣù Kìíní yín ò dára náà.

Ẹ tún wo ibi tí ihò ṣájà wà. Ti Lightning wà níwájú lápá awakọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ṣájà Tesla, wáyà wọn kúrú, torí ọkọ̀ tí ihò rẹ̀ wà lẹ́yìn ni wọ́n ṣe é fún. Ọkọ mi máa ń dábùú àyè méjì kí wáyà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú á sì máa tì mí nítorí àwọn tó ń dúró. Tírélà ńkọ́? Níbi tó pọ̀ jù, ẹ máa tú u sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ṣáájì, ẹ padà wá so ó. Nínú òjò!

Ọmọ Odògbolú, Atlanta

Ti owó ni tèmi. Ẹ̀dínwó 7,500 dọ́là tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe lórí ọkọ̀ oníná tuntun ti parí ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹsàn-án 2025, ti tòkúnbọ̀ náà bá a lọ. Ford sì kéde ní oṣù Kejìlá 2025 pé àwọn ò ní ṣe Lightning oníná pátápátá yìí mọ́, èyí tó ń bọ̀ máa ní ẹ́ńjìnì tí ń ṣe iná fún un. Nítorí náà, ẹ ná owó Lightning wálẹ̀ dáadáa bí ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè ádápítọ̀ ṣájà Tesla, ìyẹn ohun tí ẹ máa fi so ẹnu ṣájà náà mọ́ ihò ọkọ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ti iléeṣẹ́ ni.

Ọ̀dọ́ Ìkẹnnẹ́, nílé

Ẹ káàbọ̀ o, bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà nílẹ̀ sọ tèmi. Sólà ni mò ń bá àwọn èèyàn fi káàkiri Rẹ́mọ. Ohun àkọ́kọ́ ni earth, wáyà tí ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Ṣájà ọkọ̀ máa ń yẹ wáyà earth wò kó tó jẹ́ kí iná kọjá, bí kò bá sì rí i, iná pupa ló máa tàn, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ wo ilé wa: sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ihò mẹ́ta, ihò òkè kò so mọ́ nǹkan kan. Ẹ máa ní láti ri ọ̀pá earth mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n.

Èkejì, 230 fóòltì wa dára fún un, ọkọ̀ Amẹ́ríkà lè gbà á. Àmọ́ ṣájà tí ẹ máa gbé wá láti ọ̀hún, wáyà méjì tó ní iná ló ń retí, wáyà kan ló ní iná níbí. Àwọn kan máa ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn máa kọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó rà á. Ṣájà ńlá tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ níbí, ẹnu ti Yúróòpù tàbí ti Ṣáínà ló sábà máa ń wà lára rẹ̀, ọkọ̀ yín kò sì ní wọ̀ ọ́ láìsí ádápítọ̀. Ẹ má gbójú lé e. Iná ilé yín ni gbogbo rẹ̀.

Tó bá jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán, 10 amp ni kí ẹ fi í sí, kí ó má baà jó. Wákàtí mẹ́wàá iná dáadáa máa kó yúnítì 23 wọlé, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 80 fún píkọ́ọ̀pù ńlá. Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó kò tó kìlómítà 30, nítorí náà oko àti ọjà kò ní wàhálà. Ẹni tó bá máa ń lọ sí Èkó tó sì máa ń bọ̀ lọ́jọ́ kan náà ni iná òru kan kò ní tó láti dí ohun tó lò. Ibi tí wọ́n bá wà ní Band A, tí wọ́n yẹ kó máa rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, sàn. Nígbà tí owó Band A gòkè ní oṣù Kẹrin 2024, ₦225 ni yúnítì kan. Ní iye yẹn, kíkún Lightning ńlá látòfo máa gba nǹkan bíi ₦29,500. Iye náà ti yí padà láti ìgbà náà, ẹ bi àwọn ará ilé kí ẹ tó ṣírò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Maryland

Ẹ ṣeun, ẹ ò ní rí ibi. Bí iná bá lọ, mo ní jẹnẹrétọ̀ kan nílé, ṣé kò lè ṣe é? Sólà ńkọ́?

Ọ̀dọ́ Ìkẹnnẹ́, nílé

Jẹnẹrétọ̀ kékeré, lítà epo kan kì í sábà mú ju yúnítì méjì tàbí mẹ́ta wá. Ìyẹn kò gbé píkọ́ọ̀pù yín ju kìlómítà mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lọ. Bàbá, ẹ kúkú da epo yẹn sínú Hilux! Èyí tó tún wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kò so neutral, wáyà tí iná ń gbà padà, mọ́ earth, ṣájà máa kọ̀ ọ́ bó ṣe máa kọ ti ilé.

Sólà kílówáàtì márùn-ún lè mú nǹkan bíi yúnítì 18 sí 20 wá lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lóṣù Keje, ẹ máa rí i bó ṣe ń wálẹ̀. Firíìjì àti ẹ̀rọ omi ṣì máa jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀sán ni kí ọkọ̀ máa gba iná lábẹ́ ètò yẹn, kì í ṣe òru, ìyẹn ni pé kò ní lọ síbi kankan lọ́sàn-án.

Ọmọ Odògbolú, Atlanta

Ṣé ẹ ti gbàgbé pé ẹṣin ni wọ́n ń gùn ní Ojúde Ọba ni? Ẹṣin kì í béèrè earth.

Oníná Ṣàgámù, Houston

Ẹ dá ẹ̀gbọ́n wa lóhùn dáadáa jàre. Ẹ̀gbọ́n, ìdájọ́ tèmi rè é. Bí ẹ bá máa lò ó ní Maryland fún iṣẹ́, tí gáréèjì yín ṣeé fa 240 sí, Lightning ńlá tòkúnbọ̀ tó yín. Máìlì 492 Silverado dára fún ẹni tó ń fa ẹrù láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ ò sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ti gbígbé e wálé ni mi ò fọwọ́ sí. Kì í ṣe nítorí iná nìkan. Tí nǹkan bá yọnu nínú bátìrì fóòltì gíga yẹn, ríwáyà wo ní Ìjẹ̀bú lẹ máa gbé e lọ bá? Ẹ tà á níbí kí ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ fi owó rẹ̀ ra Hilux àti sólà ilé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Maryland

Mo gbọ́, mo sì tún fẹ́ béèrè ẹyọ kan. Wọ́n ní Lightning lè tan iná fún gbogbo ilé. Ìyẹn ló wọ̀ mí lójú jù fún ilé wa.

Oníná Ṣàgámù, Houston

Òótọ́ ni. Èyí tó ní ẹ̀rọ Pro Power ńlá lè tú kílówáàtì 9.6 jáde láti inú bọ́ọ̀tù ẹ̀yìn àti iwájú. Ilé tó ń lo yúnítì 10 lóòjọ́ lè rí ọ̀pọ̀ ọjọ́ lò nínú bátìrì rẹ̀. Àmọ́ iná Amẹ́ríkà ló ń tú jáde: 120, àti 240 tó jẹ́ wáyà méjì oníná, ní 60 hertz, tiwa jẹ́ 50. Ẹ ò lè kàn án mọ́ bọ́ọ̀dù ilé Ìjẹ̀bú-Igbó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fẹ́ ẹ̀rọ tó máa yí iná náà padà sí tiwa àti ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan lẹ tìtorí ẹ̀ fẹ́ gbé e wálé, bátìrì ilé àti ínfátà máa ṣe é ní owó tó kéré sí i.

Fún Maryland, ẹ ṣí bọ́ọ̀dù iná yín, ẹ ya fọ́tò bírékà tó tóbi jù lókè pẹ̀lú gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ sọ fún mi bí gáréèjì ṣe jìnnà sí bọ́ọ̀dù náà tó. Máa sọ fún yín bóyá 60 amp lè wọ̀ ọ́, tàbí 40 la máa fi mọ. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀ o, fọ́tò nìkan.