Bẹ́árìn iwájú pikọ́ọ̀pù: apá ọ̀tún ń mì, tí mo bá fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, á máa gbóná

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí nínú pikọ́ọ̀pù yìí, bẹ́árìn méjì (òrùka onírin tí róólà wà nínú rẹ̀, tó ń jẹ́ kí táyà yí geere) ló sì wà nínú họ́ọ̀bù (irin tí a ń de táyà mọ́) iwájú kọ̀ọ̀kan: ńlá lápá inú, kékeré lápá òde. Mo pààrọ̀ gbogbo wọn pẹ̀lú kọ́ọ̀pù wọn (òrùka òde tí róólà ń yí nínú rẹ̀) àti sílì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí gíríìsì jò). Irin bàbà ni mo fi gbá kọ́ọ̀pù wọlé, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí ìró rẹ̀ fi yí padà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ki gíríìsì títí ó fi yọ láàárín àwọn róólà. Mo fún nọ́ọ̀tì bí họ́ọ̀bù ti ń yí, mo tú u, mo wá fi ọmọ ìka lásán fún un padà kí n tó ki píìnì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú bọ̀ ọ́.

Apá òsì dára. Tọ̀tún ni wàhálà: tí mo bá di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó ń mì. Tí ẹnìkan bá tẹ bíréèkì, kò ní mì mọ́, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tó so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ọkọ̀). Mo fún nọ́ọ̀tì dé ihò píìnì tó kàn, mímì náà lọ, àmọ́ tí ọkọ̀ bá rìn díẹ̀, họ́ọ̀bù á gbóná débi pé ọwọ́ ò gbà á. Mo gbé kálípà (ohun tó ń fún pádì bíréèkì mọ́ díìsì) kúrò, mo tún yí họ́ọ̀bù, ó ṣì le, nítorí náà pádì kọ́ ló ń fà á.

Ṣé kọ́ọ̀pù ni kò jókòó tán, bóyá ìdọ̀tí há sẹ́yìn rẹ̀? Àbí sípíńdù (ọ̀pá irin tí họ́ọ̀bù ń yí lórí rẹ̀) ló ti jẹ? Òun ni mo fura sí jù: ibi tí bẹ́árìn inú ń jókòó lé ti yí àwọ̀ padà di búlúù, òrùka inú bẹ́árìn tuntun sì ń mì lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé sípíńdù báyìí ṣì ṣeé lò, àbí kí n kúkú pààrọ̀ rẹ̀?