Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yẹ ọ̀rọ̀ olóṣèlú wò rí n'Ìkòròdú, ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Onírẹsì, Sábó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìpolongo ìbò tún ti ń kàn, kò ní í pẹ́ tí wọ́n á fi ariwo gbohùngbohùn di wá létí. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹni tó ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fáwọn èrò, tó sì tọpa rẹ̀ délé. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Oṣù kejì 2023 ni, kí wọ́n tó dìbò gómìnà. Wọ́n wá pàdé nítòsí ìsọ̀ mi, wọ́n ń lùlù, wọ́n ń pín fìlà ẹgbẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan gba gbohùngbohùn, ó ní ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́tà ti bó mílíọ̀nù 2.5 àpò ìrẹsì fún wa lọ́dún kan. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí. Èmi tí mò ń ta ìrẹsì kò lè pàtẹ́wọ́. Ọdún wo? Ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún náà gan-an ni Ààrẹ Buhari wá ṣí i!

Nígbà tí mo délé, mo ní kí ọmọ mi bá mi wá ìròyìn ọjọ́ ìṣílé náà. Mílíọ̀nù 2.5 wà níbẹ̀ lóòótọ́, àpò oní-50 kílò. Ṣùgbọ́n ohun tí agbára ẹ̀rọ náà ká lọ́dún ni wọ́n ń sọ, tó bá ń ṣiṣẹ́ ní kíkún, 32 tọ́ọ̀nù ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ ò sì lè bó ohun tí wọn ò bá gbé wá. Ìrẹsì eléèpo ló ń bó, ilẹ̀ oko tá a ní l'Èkó kò sì tó láti bọ́ ọ yó.

Mo ti gba ohùn ọ̀gbẹ́ni náà sílẹ̀ sórí fóònù. Ìyẹn ló gbà mí, torí nígbà tí mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Màmá, ọ̀gá wa ò sọ bẹ́ẹ̀." Mo tẹ̀ ẹ́ kó gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé fìlà ni mo fẹ́ ni.

Tíṣà Ìgbògbò

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ti oṣù keje 2025 ni tèmi. Ẹnì kan dìde, ó ní ìjọba àpapọ̀ tó wà lórí oyè ti fa àìríṣẹ́ṣe wálẹ̀ láti 33.3 sí 4.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ tó ti jáde yunifásítì, tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ń wojú ara wọn.

Mo lọ wo ìwé àjọ oníṣirò, NBS. Nọ́ńbà méjèèjì wà níbẹ̀! 33.3 jẹ́ ti ìparí 2020, 4.1 jẹ́ ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2023. Bí wọ́n ṣe ń kà á ló yí padà láàárín méjèèjì. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 20 wákàtí lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni. Ní báyìí, ẹni tó bá ti fi wákàtí 1 péré ṣiṣẹ́ owó lọ́sẹ̀ ti bọ́ nínú wọn. Ọmọ tó ru omi tútù ní gárèjì fún wákàtí kan ti di oníṣẹ́ nìyẹn. Èyí tó tún wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí 4.1 yẹn wáyé, ìjọba tó ń fi yangàn kò tíì gorí oyè.

Irọ́ pátápátá kì í dà mí láàmú tó irú èyí. Nọ́ńbà tòótọ́ ni wọ́n fi ń pa á.

Ọmọ Ìkòròdú

Tèmi kúrú. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Mile 12 lórí gómìnà tó ṣe ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT wa: Fashola ni, rárá o, Ambode ni. Mo wò ó lórí fóònù níbẹ̀, mo kà á sókè: ìgbà Fashola ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Ambode ló ṣí i ní oṣù kọkànlá 2015, owó tá a yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé sì wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì yíjú sí mi, wọ́n ní ẹgbẹ́ wo ni mo ń ṣe. Kọ̀ndọ́ ní kí n tètè mówó ọkọ̀ òun wá, pé èmi ni mò ń dá ìjà sílẹ̀.