Ìrìn inú igbó Halloween: a ti ṣe é o

Ẹ rántí pé mo bi yín bí a ó ṣe tanná sí ọ̀nà igbó tí a fẹ́ fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ fún Halloween, ọdún ìparí oṣù October tí wọ́n máa ń fi iwin ṣeré, láìlo àbẹ́là. Iná bátìrì inú ìgò jáàmù la lò. Wọ́n ti dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní ìparí October, nítorí náà ní Kent níbí, ní England, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Àfi òjò! Páálí tí a gé bí òkúta ibojì rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Èmi da aṣọ funfun borí lẹ́yìn igi, mò ń ké. Ọmọ Yorùbá kan kàn wò mí, ó ní, “Àǹtí, bàtà yín hàn.” Owó òrùlé ibi ìṣeré tí a torí rẹ̀ ṣe ìrìn náà ti pé. Ẹni tó dábàá ìgò, ẹ ṣeun gan-an ni.