Ẹ gbà mí o, matron wa ò jẹ́ kí lẹ́tà mi kúrò ńlẹ̀

Olùbéèrè (ẹ bò mí láṣìírí)
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Iléṣà ni mo ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí, láti ìjẹta ni mi ò ti rí oorun sùn. Matron kan wà níbi iṣẹ́ wa tó kórìíra mi láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, mi ò sì mọ nǹkan tí mo fi ṣe é. Tí ẹlòmíì bá pẹ́ dé, kò burú, tó bá ti jẹ́ èmi, wọ́n á ní kí n kọ̀wé kí n wí tẹnu mi. Nígbà tí mo lóyún àbígbẹ̀yìn mi, night ni wọ́n ń fi mí sí léraléra, ẹsẹ̀ mi wú débi pé sálúbàtà ọkọ mi ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ mi ní kí n máa mú un mọ́ra, ìyá ọkọ mi náà ní kí n máa mú un mọ́ra, àwọn kọ́ ló ń jẹ ẹ́ níyà! Ní báyìí, lẹ́tà kan ṣoṣo ló kù, good standing, èyí tó ń jẹ́rìí pé ọwọ́ mi mọ́ níbi iṣẹ́, kí council àwa nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà lè fi ìwé mi ránṣẹ́, kí n lè rí láísẹ́ǹsì gbà lókè òkun. Matron yẹn kọ̀ jálẹ̀. Mo pè títí wọn ò gbé e. Mo rán àbúrò mi lọ, wọ́n ní kí ẹni tó ni ín fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá. Ilẹ̀ tí bàbá mi fún mi lọ́nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni mo tà tí mo fi san 1,850,000 náírà fún ẹ́jẹ́ǹtì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe IELTS, ìdánwò èdè Òyìnbó. Ṣé mo lè lọ fẹjọ́ obìnrin yìí sùn ní council l'Ábùjá? Ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn, ọjọ́ ń lọ.

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ọ̀tá ibi iṣẹ́ le ju tilé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ tíṣà n'Ífẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ fi ìwé ìgbéga ẹ̀ há inú dúrọ́ọ̀ fún ọdún méjì gbáko, ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ̀gá náà lọ síbòmíì tí wọ́n ń palẹ̀ ọ́fíìsì mọ́ ni wọ́n rí i, inú ìwé ìròyìn àtijọ́ ló wà. Gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, Ọlọ́run á tú u sílẹ̀.

Ọmọ Oṣómàáló
Amin, àmọ́ àǹtí, orílẹ̀-èdè wo lẹ̀ ń lọ? Ẹ kọ ti sálúbàtà, ẹ ò kọ ìyẹn. Ọdún wo ni permanent license yín jáde? Ṣé ó ṣì wà láàyè? Ṣé ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́? Láìsọ ìwọ̀nyí, àfọ̀ṣẹ ló kù ká máa ṣe.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Lágéré
Ìbéèrè gidi lọmọ yìí bi ẹ́. Jẹ́ kí n là á yé ẹ. Ìwé tí council fi síta ní February 2024, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní March 1 ọdún yẹn, ló yí gbogbo ẹ̀ padà. O gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì, láti ọjọ́ tí permanent license jáde ni wọ́n sì ń kà á. Láísẹ́ǹsì ẹ gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán kó tó parí. Lẹ́tà good standing, matron kọ́ ló ń fọwọ́ sí i, olórí ilé ìwòsàn pátápátá ni, ilé ẹ̀kọ́ tó o ti jáde náà á sì kọ tiẹ̀. Council ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí tààrà, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ ìwọ tàbí àbúrò ẹ. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, verification, ìyẹn kí council yẹ ìwé ẹ wò kí wọ́n sì fi ránṣẹ́, á tún gbà tó oṣù mẹ́fà, ó kéré jù. Nítorí náà matron lè ní ọ̀rọ̀ sọ nípa ẹ fún ọ̀gá, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ ẹ̀.

Bàbá Tíṣà
Gbogbo yín ẹ ṣáà máa lọ. Lóṣù tó kọjá mo gbé ìyàwó mi lọ sí ilé ìwòsàn, aago méje àárọ̀ la débẹ̀, aago méjì ọ̀sán kí wọ́n tó gbọ́ tiwa, nọ́ọ̀sì kan ló ń sáré káàkiri wọ́ọ̀dù. Mo bi í pé àwọn yòókù ńkọ́, ó ní wọ́n ti já, wọ́n ti sá lọ sókè òkun.

Ọmọ Oṣómàáló
Bàbá, ẹ má bínú, ẹ bi ìjọba. Kí ni wọ́n ń san fún wọn?

Bàbá Tíṣà
Ìjọba kọ́ ló ń kú sórí bẹ́ńṣì, àwa ni.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé mà. UK ni. Permanent license mi jáde ní 2019, mo ti tún un ṣe, kò sí wàhálà níbẹ̀. Mo yege CBT, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí nọ́ọ̀sì máa ń ṣe. IELTS àkọ́kọ́, 6 ni wọ́n fún mi ní writing, ẹlẹ́ẹ̀kejì mo rí 6.5, ìyókù 7. Èmi ò já ṣá o. Mo ní ọmọ mẹ́ta bàbá, ẹ má fi wá bú.

Àbúrò yín ní Leeds
Àǹtí, ẹ kú oríire IELTS, 7 pẹ̀lú 6.5 ni NMC, council nọ́ọ̀sì ti UK níbí, ń fẹ́ lóòótọ́. Ẹ rántí pé ọdún méjì ni èsì yẹn fi ń ṣiṣẹ́, ṣé ó ti délẹ̀ ní NMC? Ohun tó ń dùn mí ni 1,850,000 yẹn. Èmi fúnra mi ni mo ṣe tèmi ní 2022. Pọ́ùn 140 ni wọ́n gbà kí wọ́n tó yẹ ìwé mi wò, CBT jẹ́ 83, OSCE, ìdánwò àfọwọ́ṣe tí mo wá ṣe níbí, jẹ́ 794, ilé ìwòsàn tó gbà mí ló sì san ìyẹn. Òfin tiwọn níbí ni pé ẹni tó ń báni wáṣẹ́ ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Kí wá ni ẹ́jẹ́ǹtì ń fi tiyín ṣe?

Olùbéèrè
Ẹ má pariwo mọ́ mi. Òun ló ń bá mi fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, òun ló mọ password. Mi ò mọ nǹkan kọ̀ǹpútà.

Àbúrò yín ní Leeds
Háà! Àǹtí, ẹ gba password yẹn lónìí. Ní 2023 NMC tú àṣírí màgòmágó ní sẹ́ńtà CBT kan n'Íbàdàn, ẹni tó jẹ̀bi àtẹni tí ò jẹ̀bi ni wọ́n jọ dá dúró tí wọ́n ń bi léèrè. Orúkọ yín ló wà lórí ìwé, tó bá fi irọ́ kan síbẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi.

Ìyá Ìbejì
Ọmọ àbúrò mi náà fẹ́ lọ ṣe care ní UK, iṣẹ́ títọ́jú àwọn àgbàlagbà, wọ́n ní wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn láti July 2025. Ṣé ti nọ́ọ̀sì ṣì wà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Lágéré
Ó wà mà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹni tó ni ìbéèrè. Mo rí i pé gbogbo ìbéèrè lo dáhùn àyàfi ẹyọ kan. Ṣé o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́? Kí ló dé tí wọ́n fi ní kó o fẹsẹ̀ ara ẹ wá, síbi tó yẹ kó o máa lọ lójoojúmọ́?

Olùbéèrè
Ẹ má bínú, mi ò kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́. Mi ò débi iṣẹ́ láti January. Ẹ́jẹ́ǹtì ló ní fíísà ò ní ju oṣù mẹ́ta lọ, pé tí mo bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ wọ́n á dí mi lọ́nà, kí n rọra yọ́ lọ. Mo fi ìwé dókítà ọlọ́sẹ̀ méjì sílẹ̀, mi ò padà mọ́. Owó oṣù ṣì ń wọlé. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n máa san án o! Ṣé kí n pe báńkì pé kí wọ́n má gbà á ni? Owó yẹn ni mo fi ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ.

Bàbá Tíṣà
Ẹ ò rí i báyìí.

Ọmọ Oṣómàáló
Àǹtí... oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ sì fẹ́ lọ fẹjọ́ wọn sùn l'Ábùjá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Lágéré
Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Ní wọ́ọ̀dù tèmi, èèyàn méjì la máa ń wà ní night sí aláìsàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Tí ìwọ ò bá wá, tí orúkọ ẹ sì wà lórí ìwé, wọn ò ní fún wa lẹ́lòmíì, torí lójú ìjọba o ṣì wà níbẹ̀. Ẹnì kan ló ń dá wọn tọ́jú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí lo fẹ́ kí olórí ilé ìwòsàn kọ sínú lẹ́tà ọ̀hún? Kó parọ́ fún council?

Ìyá Ìbejì
Ẹ rọra mà. Ó ti jẹ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Lágéré
Mò ń rọra. Gbọ́, ọmọ mi. Ní June 2024, ẹnu Ààrẹ la ti gbọ́ ọ pé òṣìṣẹ́ tó ti lọ sókè òkun tó ṣì ń gba owó oṣù gbọ́dọ̀ dá a padà, àwọn ọ̀gá tó ń bò wọ́n náà á sì jìyà. Bóyá ohun tó ń ba matron ẹ lẹ́rù nìyẹn. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá wá ẹ wá. Lọ fúnra ẹ. Kọ lẹ́tà pé o ṣe é, pé o tọrọ àforíjì, kó o sì fi ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí ọjọ́ òní wà lórí ẹ̀ síbẹ̀, má fi ọjọ́ January sí i o! Sọ fún wọn pé o ti ṣe tán láti dá owó náà padà, tí ò bá sí lódidi, ní kí wọ́n pín in fún ẹ. Wọ́n lè pè ẹ́ síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n lè kọ̀. Mi ò ní ṣèlérí fún ẹ pé wọ́n á kọ lẹ́tà náà.

Olùbéèrè
Tí wọ́n bá wá kọ̀ ńkọ́ mà? Ilẹ̀ ti lọ.

Àbúrò yín ní Leeds
Ìlú kejì náà á bi yín nípa ibi tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ àtìdí tẹ́ ẹ fi kúrò. Ìwé yẹn ò ṣeé fò, àǹtí.

Ọmọ Oṣómàáló
Kẹ́ ẹ sì lọ jókòó ti ẹ́jẹ́ǹtì yẹn. Ìjẹ̀ṣà ni wá, òṣó la máa ló síbẹ̀ títí á fi pọ 1,850,000 náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n tẹ̀ lé yín, ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀.

Olùbéèrè
Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́fà látàárọ̀, fóònù ẹ̀ ti kú.
Mo ti sọ fún ọkọ mi. Òun náà ò mọ̀ pé mi ò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Mò ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Monday. Ẹ̀gbọ́n wa ní Lágéré, owó tó wà lọ́wọ́ mi tó ti oṣù mẹ́ta, ṣé kí n mú un dání lọ fún matron?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Lágéré
Rárá o, má gbé owó fún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lẹ́tà ni kó o mú lọ, ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ ẹ. Akáǹtì ilé ìwòsàn ló máa sọ ibi tí wàá san owó sí, gba rìsíìtì. Lọ láàárọ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ward round, kó o sì kọ́kọ́ yà lọ kí matron ẹ.